Erùpẹ̀ Tó Wà Lára Bàtà Ìyá Ìjọ

Ọjọ́ tí wọ́n sin Tọ́lá, ọmọ mi, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Àṣà wa kò gbà kí òbí dé ibojì ọmọ rẹ̀, nítorí náà wọ́n fi mí sílẹ̀ nílé wa ní Festac, wọ́n gbé e lọ. Àwọn obìnrin ìjọ tó jókòó tì mí ń sọ pé, "Ìyá Tọ́lá, ẹ má sunkún. Ẹ máa dúpẹ́." Inú bí mi gan-an. Ọmọ ta ló kú nínú wọn?

Nígbà tó yá, Ìyá Ìjọ ti itẹ́ òkú dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí erùpẹ̀ pupa lára bàtà rẹ̀.

"Màmá, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

"Abẹ́ igi máńgòrò ni. Wọ́n rọra gbé e sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, 'Tọ́lá, wọn ò jẹ́ kí ìyá ẹ wá ni o. Òun lo máa kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ àjíǹde.'"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ẹkún sun.

N kò tíì lè dúpẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti gbọ́ ìdí tí n kò fi wá, mo sì ń retí ọjọ́ náà.