Èmi Ògbufọ̀ Àwọn Ará Ayé Mìíràn

Kí àwòrán tó yọ, òórùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń gbọ́, òórùn eruku tó ń gbóná lẹ́yìn àpótí tẹlifíṣọ̀n bàbá onílé wa ní Akpakpa. Orílẹ̀-èdè wa ò tíì pẹ́ tó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé, a kò sì tíì ní tẹlifíṣọ̀n tiwa. Èkó ni àwòrán ti ń wá, bàbá onílé sì ti so irin tó ń gbà á mọ́ orí ọparun kan tó ga ju àgbọn àdúgbò lọ. Bí atẹ́gùn òkun bá fẹ́, gbogbo èèyàn inú àpótí náà á máa gbọ̀n. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tó bá ń dé lásìkò ló máa ń fẹ́ràn. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn eré ọjọ́ Sátidé, tí kì í yẹ agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Eré àwọn ará ayé mìíràn ni, ayé kan láàárín ìràwọ̀, tí kò ní igi, tí òṣùpá méjì ń ràn lójú ọ̀run rẹ̀. Orí wọn gùn bí ìbẹ́pẹ, aṣọ wọn ń dán, wọ́n sì ń bínú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bínú. Wọ́n á tú jáde láti inú ihò, wọ́n á dojú kọ ọba wọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sì tú wọn ká. Àwa náà mọ irú ìyẹn díẹ̀, nítorí a ti jí sí orin ológun lórí rédíò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí a kò mọ̀ ni ohun tó ń bí àwọn olórí gbọọrọ wọ̀nyí nínú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Faransé ni gbogbo ilé sì kọ́.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, àfi èmi. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Olùkọ́ ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìláàró, mo sì lọ síléèwé níbẹ̀. Ohun tó kù lẹ́nu mi nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ju ìkíni, òǹkà àti orin ìjọ kan lọ. Ṣùgbọ́n bàbá onílé ní ọ̀rẹ́ kan tó ń bá Èkó ṣòwò, tó ń wá ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì sí bíró, ibi iṣẹ́ rẹ̀, bàbá onílé sì ti ṣèlérí pé òun á bá mi sọ fún un. Iṣẹ́ náà wù mí gan-an. Nítorí náà, nígbà tó fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, tó ní, “Olùkọ́, kí ni wọ́n wí?”, mo túmọ̀. Kí n má parọ́, mo gbádùn rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara mi gbọ́.

Àbúrò bàbá onílé, káfíńtà kan ní Agblangandan, máa ń wá kí ìyá wọn ní Sátidé, á sì dúró wo eré. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ló máa ń jókòó sáàárín wọn, òun ni wọ́n sì ń rán síra wọn. “Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kó sún àga rẹ̀.” Mi ò béèrè ìdí. Ayálégbé oṣù mẹ́ta kì í yọjú sí ọ̀rọ̀ onílé.

Ní Sátidé kan, àwọn olórí gbọọrọ kóra jọ síwájú ilẹ̀kùn òkúta ńlá, wọ́n ń lù ú, ọba wọn sì wà nínú, kò dáhùn. Bàbá onílé bi mí léèrè. Mo ronú kan ohun tó máa ń mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn ní abúlé wa, mo sì là á sílẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ọ: “Bàbá wọn ló kú. Ọba yìí ni ẹ̀gbọ́n. Ó ti yàrá bàbá wọn pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní ẹni tí kò wá nígbà àìsàn kò gbọdọ̀ wá nígbà ogún.”

Káfíńtà dìde. “Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé bó bá fẹ́ bú mi, ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi bú mi, kó má yá ẹnu olùkọ́ lò.”

Bàbá onílé náà ti dìde. “Màmá, ẹ bi í bóyá èmi ni mo rán olùkọ́, àbí òun gan-an.”

Ọ̀kan gba ojú títì lọ, èkejì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà pè mí, ó sì sọ ìtàn yàrá olóògbé bàbá wọn ní ìlú wọn, Pobè, fún mi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń jà lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò bàbá onílé lóòótọ́. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí obìnrin ti lè máa bá ewúrẹ́ rẹ̀ wí kí orogún rẹ̀ lè gbọ́, ta ni yóò gbà pé mi ò pa àṣamọ̀? Oníkálukú wọn gbà pé èkejì ló fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu.

“Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan kí n tó lọ,” ìyá àgbà wí. “Ta ló rán ọ, ọmọ mi?”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo sunkún, mo sì jẹ́wọ́ pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, “Lọ sọ fún wọn.”

Bàbá onílé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní òun kò lè fi orúkọ òun dúró fún mi mọ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Ó dùn mí wọra. Káfíńtà ní tirẹ̀, nígbà tí mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò gbà mí gbọ́ rárá. Ó gbé páálí ìṣó kan tó ti Èkó wá síwájú mi, tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí lára, ó ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo wò ó títí, òǹkà nìkan ni mo lè kà. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn, tó fi ọwọ́ ti pákó.

“Kí wá ni àwọn olórí gbọọrọ yẹn ń jà lé lórí gan-an?”

“Mi ò mọ̀, bàbá.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, káfíńtà wá. Mi ò rò pé ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e wá. Ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ṣe já sí ni. Mo lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Àwọn olórí gbọọrọ gbé àpótí kan wá síwájú ọba, kò sì sẹ́ni tí yóò túmọ̀. Káfíńtà yíjú sí ìyá àgbà bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí kò ríran fẹ́ wí? Ó húkọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ rò pé ó wà nínú àpótí yẹn?”

Bàbá onílé kò yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. “Ó lè jẹ́ oúnjẹ.”

“Kò jọ oúnjẹ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e.”

“Òótọ́ ni. Ó wúwo.”

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n jiyàn títí eré fi parí. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ìyá àgbà ní kí n gbé àwo oúnjẹ kan ṣoṣo sáàárín wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ láìgbé ojú kúrò lára ọba olórí gbọọrọ. Kọ́kọ́rọ́ tó bí oṣù mẹ́fà kó tó jáde lápò, ṣùgbọ́n ó jáde. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan yẹn, mo mú ìyá àgbà lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú.

“Olùkọ́, ṣé lóòótọ́ ni o kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn rárá?”

“Lóòótọ́ ni, màmá.”

“Má tíì kọ́ ọ o.”

Mo kọ́ ọ nígbẹ̀yìn, mo kọ́ ọ dáadáa, mo sì fi jẹun, ṣùgbọ́n mo dúró kí eré náà parí ná. Mo ti túmọ̀ fún oníṣòwò, fún pásítọ̀, fún tọkọtaya tí èdè wọn kò bára mu. Títí di òní, bí inú bá ń bí àwọn méjì tí mo ń túmọ̀ fún, tí wọ́n jọ yíjú sí mi, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè wo ojú ara wọn.