Ẹnu Ìbọn Ọ̀gbẹ́ni Tolliver

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Ọ̀gbẹ́ni Tolliver gbé ìbọn rẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, kò sì bínú rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó tẹ́ bébà tó yìnbọn sí sórí káńtà. Ihò márùn-ún ló wà lára rẹ̀, wọ́n fọ́n ká bí àgbàdo tí èèyàn dà sílẹ̀ fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pé oṣù kan tí èmi fúnra mi yin ìbọn yẹn wò, tí ihò mẹ́ta sì wọnú ara wọn.

Iṣẹ́ fítà, gígé irin àti páìpù, ni mo kọ́ n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo dé Prince George's County nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìgbọ́kọ̀sí ni mo kọ́kọ́ ń ṣọ́, kí Ọ̀gá Wendell tó gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn rẹ̀ tí kò jìnnà sí Cheverly. Òyìnbó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń gé ọ̀pá ìbọn, bí a ṣe ń dè é mọ́ ìdí ìbọn, àti bí a ṣe ń fi ìka mọ ohun tí ojú kò rí. Kò lè pe Ráfíù, orúkọ mi, Ray ló ń pè mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹnu wa kò kò lé lórí. Inú ọ̀pá ìbọn ní àwọn ìlà tó yí po bí ìkarahun ìgbín, àwọn ló ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń jáde. Bí ọ̀pá bá ṣì jẹ́ tuntun, inú rẹ̀ lè rí ṣákaṣàka díẹ̀, kó máa họ bàbà kúrò lára ọta. Ọ̀gá ní àfi ká yin ọta kan, ká nu inú ọ̀pá títí bàbà yóò fi tán, ká tún yin òmíràn, ká tún nù ún, títí di ogún. Mo pè é ní ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò fi ìwẹ̀ náà ṣeré. Àwọn oníbàárà á dúró máa wò ó bí ẹni tó wà nínú ìsìn.

Nígbà tó yá, mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Mo gé ọ̀pá méjì láti ara irin kan náà, mo wẹ ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀. Nígbà tí mo yìn wọ́n, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ọ̀gá wo bébà méjèèjì pẹ́, ó ní ọ̀pá méjì kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ló sọ, méjì kéré. Ṣùgbọ́n ohun tó ń já mi láyà ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń nù ún. Ẹnu ìbọn ni ọta ń fara kàn kẹ́yìn. Bí ibẹ̀ bá yẹ̀ bí fọ́nrán irun, ọta ti ṣìnà nìyẹn. Ọ̀gá sì máa ń gba ẹnu ti irin náà wọlé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa bá a gba ẹ̀yìn nù ún. Ó ní òun ti ń nu ìbọn kí wọ́n tó bí mi.

Ọ̀gbẹ́ni Tolliver jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Fort Washington, ọkọ̀ ojú irin ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ̀ ló fi ìbọn náà sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ń ṣàìsàn, wọ́n sì fẹ́ jọ lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fi ọ̀pá tuntun sí i, mo yìn ín wò, ó dára. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá wẹ̀ ẹ́ níṣojú Ọ̀gbẹ́ni Tolliver ní pápá tí a ti ń yìnbọn wò. Nígbà tó ń nù ún kẹ́yìn, irin náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ha ẹnu ìbọn. Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé èèyàn kì í bá àgbà wí níwájú àlejò, mo dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Tolliver gbé ìbọn náà lọ.

Ní ọjọ́ ọdẹ, ẹ̀gbọ́n ló yìn ín. Ìbàdí àgbọ̀nrín ni ọta bà, ẹran náà sì gbé ọgbẹ́ wọgbó, wọn ò rí i mọ́. Ọkùnrin náà jókòó sídìí igi, ó ní ojú òun ti tán. Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Tolliver wá bi wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kò ju ìyẹn lọ: ṣé ojú ni, àbí ìbọn?

Ọ̀gá fi awò wo ẹnu ìbọn náà. Nígbà tó gbójú sókè, èmi ló wò.

"Ray ló ṣì í gé," ló wí. "Àbí, Ray?"

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí káńtà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àṣìṣe mi ni."

Ọ̀gbẹ́ni Tolliver wò mí títí. Ó ní òun á lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé kì í ṣe ojú rẹ̀. Mo tún ẹnu ìbọn náà gé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ tí kò gba wákàtí kan.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ nílé, ó gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ ò parọ́ fún wọn o. Ara yín lẹ parọ́ mọ́."

Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń sọ pé kí Ray má fọwọ́ kan tiwọn. Kí òtútù tó tán, Ọ̀gá ní iṣẹ́ ti dín kù. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, kò lè wo ojú mi. Ṣọ́ọ̀bù ìbọn méjì mìíràn ti gbọ́ nípa mi kí n tó débẹ̀. Bí mo ṣe padà sídìí gígé páìpù omi nìyẹn, títí di òpin iṣẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta, mo pàdé Ọ̀gbẹ́ni Tolliver nílé epo kan ní Mitchellville. Ọ̀gá Wendell ti kú nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni Tolliver ló kọ́kọ́ kí mi.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ," ló wí. "Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ìró irin yẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ ò sọ.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ," ló dá mi lóhùn. "O sì ní ìwọ ni."

Mo rọ epo mi, mo lọ.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí bóyá kí àwọn wẹ ọ̀pá ìbọn tuntun. Mo máa ń ní kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n nù ún bí wọ́n bá yìn ín tán, kí wọ́n sì jẹ́ kí irin gba ẹ̀yìn wọlé. Kò tíì sí ẹni tó bi mí bí èèyàn ṣe ń gba orúkọ rere tó fi tọrẹ padà.