Àgùntàn Tó Bí Méjì

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a ti Barking ní Lọ́ńdọ̀nù lọ wo ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀ ní ìgbèríko. Níwájú àgùntàn kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Anti, sọ fún gbogbo ẹbí pé, “Àgùntàn bí méjì, ìyàwó wa ò tíì bí ẹyọ kan.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo dì í sínú.

Lọ́dún yìí, a padà lọ pẹ̀lú ìbejì mi. Mo gbé ọ̀kan sẹ́yìn Anti, mo fi ọ̀já dì í. Ta ló máa kọ ọmọ àbúrò rẹ̀ lójú ẹbí? Mi ò wọ pámpásì fún ọmọ. A dúró ti àwọn àgùntàn títí léèsì Anti fi rin gbingbin.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Anti. Ìyàwó yín náà ti bí méjì. Ó ku kí èkejì tọ̀.”