Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọmọ Òyìnbó Ní Ìkúnlẹ̀

Láyé ìgbà yẹn, ìwé tí ẹ bá gbé sún mọ́ imú nílé wa ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, pánlá ló máa ń rùn. Àárọ̀ Sátidé la máa ń lọ sọ́jà Woolwich, àpò tí Màmi fi ń gbé ẹja náà la fi ń gbé ìwé tá a yá ní láíbìrì. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á júwe ìwé ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún mi, á gba ti tẹ́lẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, á wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráyè mí.

Ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ yege lójú Màmi ná. Bí wọ́n bá ń gé ẹja, èmi á máa túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá sí wọn létí. Arúgbó òyìnbó ni wọ́n ń tọ́jú níbi iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní àwọn ò tún fẹ́ gbọ́ òyìnbó nílé. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ọmọ kékeré kan kí bàbá àdúgbò: "Káàárọ̀, Pítà." Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Màmi. "Pítà lásán? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ̀ ni? Dá a padà!" Nínú ìkejì, ọmọ kan jan ilẹ̀kùn mọ́ ìyá ẹ̀. "Ọmọ tá ò kọ́ ni yóò gbélé tá a kọ́ tà," ni Màmi wí. Ìyẹn ò tiẹ̀ sùn nílé wa.

Ìkẹta dá lórí ọmọbìnrin kan tó gbé ọkọ̀ ojú omi bàbá ẹ̀ sá lọ. Mo ti yọ́ kà á díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó sì dùn mọ́ mi débi pé bí wọ́n bá dá a padà, ẹkún ni màá sun. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọmọ ọlọ́mọ kọ́. Ibi tó ti ṣépè, mo ní ó ṣàdúrà ni. Nígbà tó fẹ́ wọkọ̀, mo ní ó kúnlẹ̀: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa sá lọ?"

"Háà! Òyìnbó náà ń tọ́mọ!" ni Màmi wí. Lọ́jọ́ kejì ní àsáláátù, wọ́n polówó ìwé náà fún gbogbo ìyá ọlọ́mọ bíi pé àwọn ni wọ́n kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ ò tíì yí po tí Alhaja Ṣìfáwù, ọ̀rẹ́ wọn, fi ń gbá ilẹ̀kùn wa gbàgbàgbà. Ọmọ tiwọn ti ka ìwé náà fún wọn bó ṣe wà. "Ìyá Sìdí, irú ìwé wo lẹ ní kí n yá fọ́mọ mi? Olè lọmọ yẹn! Ó jí ọkọ̀ bàbá ẹ̀ gbé!"

Màmi wò mí, wọ́n wo ìwé ọwọ́ mi. "Alhaja, bóyá tiyín ni wọn ò tọ́ dáadáa. Tiwa ń kúnlẹ̀."

Nígbà tí Alhaja lọ tán, mo ti ń retí ìgbájú. Àga ni Màmi fà sún mọ́ mi. "Ka èyí tó kù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Orúnkún ọmọ ọlọ́mọ ti bó."

Lónìí, èmi làwọn òbí ilé kéwú wa ní Plumstead ń bi pé ìwé tuntun wo ló dáa fọ́mọdé àti ọ̀dọ́langba. Màá dúró gbọnin, màá gbé ọ̀kan sókè: "Ìwé gidi rèé, ẹ̀kọ́ kún inú ẹ̀!" Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ mi obìnrin wò mí láàárín èrò, kò tiẹ̀ fi ẹ̀yin pè mí: "Mọ́mì, sọ fún wa, báwo ló ṣe parí?"

Ọ̀rọ̀ ṣókí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé náà nìkan ni mo kà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ń purọ́ kí n lè ráyè kàwé. Mo dàgbà tán, mò ń purọ́ torí pé mi ò kà á.