Ọwọ́ Tí Iná Kì Í Jó

Òórùn igbá tí ọ̀bẹ gbígbóná ń fín ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí mo bá ronú kan Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni afíngbá. Wọ́n máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹyin iná níwájú wọn, ọ̀bẹ mẹ́rin nínú iná. Àwọn afíngbá yòókù a máa fi àkísà di èèkù ọ̀bẹ mú. Bàbá yìí a kàn na ọwọ́, a mú ọ̀bẹ bí ẹni mú ẹ̀pà. "Iná kì í jó ọwọ́ wa nílé yìí," ni bàbá mi máa ń sọ fún àlejò, èmi náà á sì pàtẹ́wọ́. Àpá àti ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ náà. A ní àmì iṣẹ́ ni.

Nígbà tí gbogbo ìlú ń ké nítorí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, mo wọ iléèwé nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí n kò tíì dárí jì títí di òní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sọ̀rọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ara àti láti ara padà sí ọpọlọ, bí ẹni ń ki ọba. Nígbà tó kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ó wo aago. "Ẹ kàn kọ́ orúkọ wọn sórí. Sọ́pọ́tà lásán ni wọ́n. Kwẹ́ṣọ̀n kan péré ló ń jáde níbẹ̀ nínú ìdánwò." Lásán! Èyí tó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ fún ọpọlọ, èyí tó ń gbá ìdọ̀tí tó sì ń pa kòkòrò àrùn, èyí tó tẹ́ ihò inú ọpọlọ tó ń da omi ibẹ̀ kiri, àwọn tó wé mọ́ iṣan ìmọ̀lára bí rọ́bà ṣe ń wé wáyà kí iṣẹ́ lè yára dé: àwọn ló pè ní lásán. Mo kọ́ wọn sórí bí ọmọ iléekéú, mo sì gba gbogbo máàkì. Ọ̀sẹ̀ tí èsì jáde gan-an ni mo lọ sí Ọ̀yọ́ fún họ́lídè. Mo bá bàbá afíngbá lẹ́nu iṣẹ́, èmi ọ̀mọ̀wé, mo tún pàtẹ́wọ́.

Ó di ọdún kejì kí wọ́n tó kó wa lọ sí kílíníìkì àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní kí ọkùnrin kan dijú, ó fi òwú kan ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ̀.

"Inú sẹ́ẹ̀lì tó wé mọ́ iṣan ọwọ́ ni kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ń lọ gbé," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí. "Tí ìyẹn bá ti bàjẹ́, iṣan ò lè jíṣẹ́ ìrora fún ọpọlọ mọ́. Iná á máa jó èèyàn, kò ní mọ̀."

Mo rántí ọwọ́ bàbá afíngbá. Èmi ni mo kọ orúkọ sẹ́ẹ̀lì yẹn sínú ìdánwò. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá: láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe náà, n kò mọ̀ pé ilé wa ló ń bá wí.

Ní Sátidé mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, mo sọ ohun tí mo fura sí fún wọn nílé. Bàbá mi fò dìde. "Ẹ̀tẹ̀ kẹ̀? Nílé yìí? Àwọn àbúrò ẹ ò tíì lọ́kọ!"

Èmi tí n kì í gbójú sókè wò wọ́n, mo pariwo: "Bàbá, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín ń jóná, ọkọ lẹ̀ ń wá!"

Bàbá afíngbá ní ká dákẹ́. Wọ́n dijú, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo fi òwú kàn án lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún.

"O ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" ni wọ́n bi mí.

Oògùn pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta ti ká kò, wọn kò sì nà mọ́. Bàbá afíngbá kò fín igbá mọ́.

Wọ́n ní bí ọdún bá ń gorí ọdún, ìbínú a máa rọ̀. Mo ti fẹ̀yìntì, bàbá mi àti olùkọ́ yẹn ti lọ, tèmi kò rọ̀. Èmi gan-an ló sì kù tí mo lè bínú sí. Lọ́jọ́ tí bàbá afíngbá gbé oògùn àkọ́kọ́ mì, wọ́n wo ọwọ́ wọn títí, wọ́n sì rọra bi mí pé, "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún mi yẹn, ṣé mò ń jóná ni?"