Epo Tí Mo Pè Ní Òkun

Àwọn bàbá mìíràn máa ń kó fìlà jọ. Ọ̀bẹ ni bàbá àgbà tèmi kó jọ: àwọn ọ̀bẹ kéékèèké tó máa ń ká sínú èèkù wọn, tí èèyàn lè jù sápò ṣòkòtò. Gbogbo ìlú tó bá ti tajà dé, ọ̀bẹ kan á bá a padà sí Kumasi. Èyí èèkù ìwo, èyí èèkù eegun, èyí tí idẹ wà lórí àti ní ìdí rẹ̀. Kì í fi wọ́n gé nǹkan kan. Á kàn tẹ́ wọn sórí ẹní nílé wa ní Sawaba, á máa ṣí wọn, á máa ká wọn padà, kẹ̀, kẹ̀, bí ẹni tó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó fẹ́ padà lọ máa gbé ní Ìlọrin, ó pín wọn sí méjì. Ó kó ìdajì fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó kó ìdajì fún èmi, pẹ̀lú àpò awọ tí àwọn Hausa rán fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ọjọ́ tí mo bá padà wá, ẹni tí tiẹ̀ bá dára jù ló ni gbogbo ẹ̀."

Gbogbo ẹ̀! JHS, girama kékeré, ni mo wà nígbà náà. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, mo wo ara mi, mo mọ̀ pé ó ti tán fún mi. Ìwé ẹ̀gbọ́n mi kì í ya. Èmi, nígbà míì bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń bá mi délé láti school.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi pè wá lórí fóònù. A gbé e sí spíkà.

"Àwọn ọ̀bẹ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Ẹ máa fi epo pa wọ́n o. Epo loúnjẹ wọn."

Ibẹ̀ ni tèmi ti dàrú. Yorùbá tèmi, ìdajì ẹ̀ Twi ni. Epo pupa, ngo là ń pè é nílé wa. Èyí tá a fi ń dín nǹkan, òróró. Epo kan ṣoṣo tí mo mọ̀, ti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Krofrom ni; nínú Twi tiwọn, òkun ló ń jẹ́ epo. Mo ronú lọ, mo ronú bọ̀, mo wá fi gbogbo ọgbọ́n orí mi béèrè pé:

"Bàbá, ṣé kí n lọ bù ú ní Accra ni? Òkun ò sí ní Kumasi o. Àbí kí n kàn po iyọ̀ mọ́ omi?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ti ẹ̀gbọ́n mi tún ju tiẹ̀ lọ. Ó dikùn mú, ó sáré jáde sí àgbàlá.

"Ẹ wá gbọ́ o! Ó fẹ́ lọ bu òkun wá fi pa ọ̀bẹ! Apẹja Sawaba!"

Mò ń gbọ́ ẹ̀rín gbogbo àwọn ìyá tó wà níta. Kódà, ìyá kan tí kò gbọ́ Yorùbá rárá náà ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku èmi àti Bàbá lórí fóònù. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, tó wúkọ́ tán, ó rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ewúrẹ́ ṣàlàyé.

"Ìwọ ọmọ yìí, epo kì í ṣe òkun. Kì í sì í ṣe epo pupa, kì í ṣe òróró tí màmá ẹ fi ń dín ẹyin. Ìyẹn á gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Epo máṣíìnì ni mo wí, èyí tí àwọn télọ̀ ń lò. Kán an síbi tó ti ń ká, kó o fi àkísà pa díẹ̀ sójú ẹ̀. Má sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé inú awọ yẹn. Awọ wà fún ìgbà tí wọ́n bá ń jáde ni. Tó bá pẹ́, ó máa ń fa omi mọ́ra, á sì fi ba irin jẹ́."

Wallahi, ká ní mo mọ epo ni, ta ni ì bá ṣàlàyé epo fún mi?

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. "Àǹtí, Bàbá ní epo máṣíìnì ni o. Ó ní ká yọ wọ́n nínú awọ."

Ó ti fi epo pupa pa tiẹ̀, ó ti dì wọ́n sínú awọ, ó ti so ó pinpin. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Apẹja? Ìwọ tó ò mọ epo, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní epo?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n dání.

Èmi wé tèmi sínú síńgílẹ́ẹ̀tì mi tó ti ya, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì. Tí òjò bá ti rọ̀ títí, mo máa ń nù wọ́n, mo máa ń jí epo kán sí wọn lára máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi. Kì í ṣe pé mo gbọ́n o. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Lọ́dún yìí, mo parí SHS, mò ń retí èsì. Bàbá wá bá wa ṣe Iléyá. Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, ó jókòó sórí ẹní. "Ẹ kó wọn wá."

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ tú tiẹ̀. Awọ ò fẹ́ tú ọ̀bẹ sílẹ̀. Nígbà tí onídẹ kan jàjà jáde, idẹ ẹ̀ ti tutù yọ̀yọ̀ bíi kontomire, ewé kókò, epo pupa ti gbẹ síbi tó ti ń ká, ó ti dúdú, ó ti le. Ẹ̀gbọ́n mi fi èékánná ṣí i, èékánná kán. Bàbá bá a fà á: ìpẹtà ti bo ojú ọ̀bẹ bí irorẹ́.

"Subhanallahi," Bàbá rọra wí.

Ó kàn mí. Bí mo ṣe ń kánjú ṣí i, ìdérí agolo bọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga, èmi náà rákò tẹ̀ lé e. Kí n tó jáde lábẹ́ àga, mo gbọ́ kẹ̀! Bàbá ti ṣí èyí tí èèkù ẹ̀ jẹ́ ìwo. Ó ń wo irùngbọ̀n ara ẹ̀ lójú ọ̀bẹ. Ó ṣí òmíràn, kẹ̀!

Ó wá mú onídẹ tèmi. Idẹ ẹ̀ ti ṣú bí oyin.

"Bàbá, ẹ má bínú, mi ò fi yanrìn fọ ìyẹn."

"Ká ní o fọ̀ ọ́ ni, ǹ bá lù ẹ́! Ewú orí ẹ̀ nìyẹn, ẹnì kan kì í fá a." Ó ti agolo sọ́dọ̀ mi, ó ti gbogbo ti ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e. "Gbogbo ẹ̀, tìẹ ni."

Mo fò sókè, mo forí gbá fèrèsé. Kò dùn mí rárá.

Bàbá ní, "Àwọn ti ẹ̀gbọ́n ẹ yìí ò tíì kú. Jẹ́ kó bá ẹ tún wọn ṣe. Ìwọ lo máa kọ́ ọ."

Bí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yunifásítì, ṣe jókòó síwájú mi pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́ nìyẹn.

"Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Ẹ má fipá ṣí i. Ẹ kán epo sí i, ká jẹ́ kó mu ún. Kí ẹ wá nù ún."

Ó ṣe é bí mo ṣe wí. Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe wí! Mo ní kó tún un nù lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í kúkú ṣe pé ó dọ̀tí.