Díìṣì Tí A Gbé Lọ sí Abà Màmá Mi

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní abà màmá mi, kí ojú tó rí ilé rárá. Bí o bá ti kúrò ní Ìjọun, tí o fi títì sílẹ̀, ọ̀kadà yóò gbé ọ gba àárín oko àgbàdo àti igi kaṣú kọjá, ilẹ̀ pupa yóò máa lẹ̀ mọ́ táyà bí òjò bá rọ̀, títí òórùn kíkan yẹn yóò fi wọ imú rẹ. Ìgbà náà ni wàá mọ̀ pé o ti dé. Ilé amọ̀ oníyàrá méjì ni, tí bàbá mi fi páànù bò kí ó tó kú. Kò sí iná ìjọba níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ fi fóònù pe ènìyàn, àfi kí o rìn lọ sí etí ọ̀nà, kí o dojú kọ ìhà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, fóònù náà yóò sì máa kí ọ káàbọ̀ ní èdè Faransé bí ẹni pé o ti kọjá ẹnubodè. Ibẹ̀ ni màmá mi ń dá gbé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ayétòrò, níbi tí mo ti ń ránṣọ, kò gbà. Ó ní ibi tí àbúrò mi fi òun sí ni yóò ti padà wá bá òun.

Àbúrò mi yìí ni àbíkẹ́yìn, ọkùnrin kan ṣoṣo tí màmá bí. Ó gba ọ̀nà Kùtọnù lọ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ síbi tí ọwọ́ ènìyàn ti lè tó nǹkan. A gbọ́ pé wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá. A gbọ́ pé wọ́n dé Líbíà. Ìpè tó pè gbẹ̀yìn, èmi ló pè, nítorí fóònù màmá kì í wọlé. Ariwo afẹ́fẹ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí òkun náà,” ó ní. “Ẹ sọ fún màmá pé ó kù díẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà yẹn kò ti lọ mọ́. Ọdún yí, ọdún tún yí.

O mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ pé ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo rò pé ọ̀nà àtipa ẹnu ọlọ́fọ̀ mọ́ lásán ni. Ìgbà tó kàn wá ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ní ibi tí yóò jókòó sí, ó ní aṣọ tí yóò wọ̀, àwọn ènìyàn á wá kí i, wọ́n á lọ, ilẹ̀ á mọ́ lọ́jọ́ kan. Màmá mi kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọmọ rẹ̀, yóò ní, “Ó wà lọ́nà.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, mo bá màmá lórí bẹ́ńṣì níta. Ó ti dé kí n tó jí. Mo bu oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án.

“Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n kan wà,” ó ní, “tó máa ń fi àwọn tí wọ́n yọ nínú òkun hàn.”

“Ta ló sọ fún yín, Màmá?”

“Obìnrin kan lọ́jà Ìjọun. Ó ní wọ́n fi aṣọ tó ń dán bí páànù tuntun bo èjìká wọn. Ó ní ojú wọn hàn kedere.” Ó wò mí. “Bá mi gbé ọ̀kan wá sí abà.”

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣe díìṣì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Mi ò sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe fún un, mo kàn ní màmá mi ń dá wà lóko. Ó ní irú èyí tí a kì í san owó oṣooṣù fún ló máa dára, pé bí a bá ti gbé e kalẹ̀ tí ó bá ti bá sátẹ́láìtì rẹ̀ pàdé lójú ọ̀run, ó parí nìyẹn, gbogbo ayé á máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kadà méjì ló gbé wa lọ. Ọkùnrin náà gbé díìṣì pọ̀n sẹ́yìn bí igbá ahun, èmi sì di tẹlifíṣọ̀n kékeré mọ́ àyà, mo ń gbàdúrà kí ọlọ́kadà má bàa já sí kòtò. Wọ́n so páànẹ̀lì sólà àti bátìrì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kejì.

Ó gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ri òpó irin mọ́ ọn, ó po sìmẹ́ńtì yí i ká. Nígbà tí ó gbẹ díẹ̀, ó gbé díìṣì lé e, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run, ó wá mi orí. Igi ọsàn kan ló dí ọ̀nà, èyí tí bàbá mi gbìn lọ́dún tí wọ́n bí àbúrò mi. Ó ṣì ń so. Mo ní ṣé a kò lè gbé òpó náà lọ síbòmíràn. Ó ní a lè gbé e, ṣùgbọ́n a óò tún ibòmíràn gbẹ́, ó sì lè di ọjọ́ mìíràn. Màmá ti wọlé. Nígbà tó jáde, àdá ló mú lọ́wọ́.

“Ẹ gé e,” ó ní.

Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá já ọsàn lórí igi yẹn, ó ní ó máa ń dun igi náà. Ó dúró tì wá títí tó fi wó, ó sì bá wa wọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kúrò.

Èmi wà nínú ilé níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin náà wà níta, ó ń yí díìṣì náà díẹ̀díẹ̀. Ìlà kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ bí agbára ohun tí díìṣì ń gbà ṣe tó. Mo ń pè é lójú fèrèsé pé ó ń gòkè, ó ti lọ sílẹ̀, kí ó dá a padà. Oòrùn mú gan-an. Lójijì àwòrán yọ. Oníwàásù kan, lẹ́yìn náà obìnrin kan tó ń sọ Faransé tó sì ń din ẹja, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń sọ èdè Lárúbáwá yí tábìlì ká. Màmá fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Èwo nínú wọn ni ti òkun?” ó bi ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà wò mí. Mo mú un jáde, mo ṣàlàyé fún un. Ó padà wọlé, ó ṣa gbogbo iléeṣẹ́ tó ń ka ìròyìn, ó kó wọn síwájú, ó sì kọ́ màmá ní bọ́tìnnì kan péré tí yóò máa tẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ló tó sọ fún mi pé, “Àǹtí, ìròyìn kì í dúró lójú ẹnì kan o. Ó máa ń kọjá ni.”

Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ síbẹ̀, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń bá a. Kò gbọ́ èdè kankan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ojú ló ń wò. Bí wọ́n bá fi ogun hàn, yóò wo ojú àwọn tó ń sá. Bí wọ́n bá fi pápá bọ́ọ̀lù hàn, yóò wo àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Oko rẹ̀ kún fún koríko. Ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí ó fà tu dàgbà sínú ilẹ̀, ó le bí igi. Àwọn obìnrin tó máa ń wá ra láfún lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá mọ́.

Nígbà ọyẹ́ kan, ọlọ́kadà kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní màmá ní kí n máa bọ̀, pé òun ti rí i. Mi ò rántí bóyá mo ti ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ọ̀nà, ekuru ń wọ̀ mí lẹ́nu, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Mo bá màmá nínú ìró àti bùbá tó fi máa ń lọ òde, ó we gèlè, ó jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò. “Jókòó,” ó ní. “Wọ́n á tún fi hàn.”

Wọ́n tún fi hàn lóòótọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan, àwọn ènìyàn lórí ilẹ̀ etí òkun, aṣọ dídán yẹn léjìká wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa, ó tẹ orí ba. “Wo etí rẹ̀,” màmá ní. Mo wò ó. Etí yẹn nà síta bí etí bàbá wa, ọrùn yẹn tín-ín-rín. A jókòó, a ń dúró kí wọ́n tún fi hàn, wọ́n sì ń fi hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni. Bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀ ni iléeṣẹ́ mìíràn fi í hàn, tiwọn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ náà yíjú padà. Ọmọ ẹlòmíràn ni. Kò tilẹ̀ jọ ọ́ rárá.

Mo ní, “Màmá, kì í ṣe òun.”

“Mo ti mọ̀ kí o tó dé,” ó ní. Kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. “Mo kàn fẹ́ kí a jọ rí i fún ìgbà díẹ̀.”

Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a sórí itan.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé, ìjì yí díìṣì náà, tẹlifíṣọ̀n sì dúdú. Mo rán ọkùnrin oníṣẹ́ díìṣì lọ, ó padà wá sọ fún mi pé màmá kò jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Mo lọ fúnra mi. Ẹ̀yìn ilé ni mo bá a, ó ń ro etí oko.

“Ẹ má tún un ṣe mọ́,” ó ní. “Mo ti wò ó tó.” Ó fi ọkọ́ gúnlẹ̀, ó dárúkọ àbúrò mi, oríkì rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí kò sọ rí láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ. “Ọlọ́run ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

Òkú nìkan ni a máa ń ṣe àdúrà yẹn fún, ìwọ náà mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí ó sọ ọ́. Mo ti rò pé bí ó bá sọ ọ́, ara yóò tù ú, yóò sì tu èmi náà, a óò lè jókòó ṣọ̀fọ̀ bí ènìyàn. Ó ń wò mí, ó ń retí kí n ṣe àmín. Ẹnu mi kò ṣí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé màmá nìkan kọ́ ló ń dúró de ọmọ náà. Mo kàn fi tirẹ̀ bo tèmi ni. Ó dúró títí, nígbà tó rí i pé mi ò ní dáhùn, ó mi orí díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ro oko rẹ̀ lọ.

Ó ṣì wà ní abà. Ó ti padà sídìí láfún rẹ̀, ó ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti gba kámú. Èmi ni mo wà ní Ayétòrò níbí, tí ó jẹ́ pé bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè mí, aṣọ á bọ́ lọ́wọ́ mi nídìí ẹ̀rọ. Mo ti gbìyànjú àmín yẹn léraléra nígbà tí mo bá dá wà. Mi ò tíì lè ṣe é.